Ìyàwó Èkó ní Òṣogbo

Oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2017 ni mo wo Òṣogbo tí mo ní mo ti rí i. Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe lórí kíkó kúrò l'Ékòó nìyẹn, òun ló sì bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù.

Ọkọ mi lọmọ ìlú, èmi kọ́. A wá ṣọdún nílé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, a lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Gbogbo ibi kún fọ́fọ́. Ọkọ̀ onínọ́ńbà Èkó tò láti Òkè-Fíà dé Old Garage. Bí wọ́n ṣe ń ṣèyàwó níhìn-ín ni wọ́n ń ṣe òkú àgbà lọ́hùn-ún, àwọn télọ̀ ò ráyè sùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin lọ béèrè aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, wọn ò tíì gé e. Télọ̀ lèmi náà. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń ṣírò lọ́kàn. Ní Ìdí-Àràbà tí à ń gbé l'Ékòó nígbà yẹn, 180,000 náírà là ń san lọ́dún lórí yàrá méjì, 150,000 lórí ṣọ́ọ̀bù mi, omi inú kẹ́ẹ̀gì là ń rà. Ní Òṣogbo, ilé ẹbí wà nílẹ̀, kànga wà nínú ọgbà, wọ́n sì ní 60,000 ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì. Iṣẹ́ ń wá télọ̀ kiri. Kí ni mo tún jókòó ń ṣe l'Ékòó?

N kò mọ̀ pé àlejò ni mo rí, n kò tíì rí ìlú. Kí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó pé ọjọ́ márùn-ún, gbogbo ọkọ̀ yẹn ti gba Gbọ̀ngán jáde, wọ́n ti padà sí Ìbàdàn àti Èkó, wọ́n sì kó owó tí mo rí yẹn dání lọ.

Ẹni tó bá ń rò ó láti kúrò ní ìlú ńlá, kó má fi àkókò ọdún wo ìlú tó ń lọ. Kó má fi oṣù Ògún wo Òṣogbo náà, nítorí ọdún Ọ̀ṣun máa ń kó ayé wá. Ẹ wá ní oṣù Èrèlé, lọ́jọ́ Túsìdeè kan ṣá, nígbà tí oòrùn bá mú. Ẹ ra ẹlẹ́rìndòdò kan, kí ẹ jókòó sí ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù tó wù yín, kí ẹ ka iye ẹsẹ̀ tó yà síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí èmi ò ṣe nìyẹn.

A kó dé ní oṣù Ẹrẹ̀nà 2018. Ọkọ mi ṣì ń wa ọkọ̀ l'Ékòó, ọ̀sẹ̀ méjìméjì ló ń wá. Mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Ògo-Olúwa, lẹ́bàá títì ńlá, mo san ti ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé onílé ní òun á yọ 10,000 kúrò níbẹ̀. Mo ṣe pátákó gàgàrà kan, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé láti Èkó ni mo ti wá.

Ọkọ̀ ló ń gba títì yẹn, kì í ṣe èèyàn. Kòròpé á sáré kọjá, ọ̀kadà á sáré kọjá, ẹni tó wà lórí rẹ̀ ò ní ráyè ka pátákó, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé á bọ́ sílẹ̀. Ní Ìdí-Àràbà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kọjá níwájú mi. Ẹni tí síìpù rẹ̀ já á yà. Ní Òṣogbo, kò sẹ́ni tó ń gbé aṣọ lọ fún télọ̀ nítorí pátákó. Ibi ìnáwó ni wọ́n ti ń yan télọ̀. Obìnrin kan á rí bùbá lára ẹnìkejì rẹ̀, á di ọrùn rẹ̀ mú, á yí inú rẹ̀ síta wò, á ní, "Ta ló rán èyí fún ẹ?" Nígbà tí aṣọ tí mo rán ò tíì sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni, ibo ni wọ́n á ti gbọ́ orúkọ mi? Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, aṣọ mọ́kànlá ni mo rán. Méje nínú rẹ̀, ilé ọkọ mi ló ti wá.

Ẹnu mi náà kò ràn mí lọ́wọ́. Obìnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan tòun ti báàgì aṣọ lọ́wọ́, ó dúró. Mo gbójú sókè lórí ẹ̀rọ, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ mà, kí lẹ fẹ́ rán?" Ó ní, "Ṣé dáadáa la jí?" Mo ní, "Dáadáa ni mà. Sítáì wo?" Ó wò mí díẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Mo ṣì ń retí rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán mi ló pè mí nírọ̀lẹ́.

"Ìyàwó Èkó, o ò kí wọn."

"Ẹ̀ẹ́, Mà! Mo kí wọn mà."

"O dá wọn lóhùn ni. O ò kí wọn."

Ìyàtọ̀ yẹn pẹ́ kó tó yé mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìdúró, ọmọ ńkọ́, àwọn ará ilé ńkọ́, ṣé ara bàbá ti ń le? Mo rò pé wọ́n ń fi àkókò mi ṣòfò. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. "Ọmọ ńkọ́" ni mo béèrè lọ́wọ́ tíṣà kan tó fi sọ fún mi pé èyí àgbà fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lóṣù tó ń bọ̀, wọn ò sì tíì yan aṣọ ẹbí. Aṣọ mẹ́rìnlá ni mo rí níbẹ̀.

Ẹ óò ti rí i pé Ìyàwó Èkó ni wọ́n ń pè mí. Agboolé ọkọ mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀, ó dé ọjà, ó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà. Àwọn kan ò mọ orúkọ mi títí dòní. Níbẹ̀rẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n ń fi ń sọ fún mi pé mi ò tíì dé.

Ohun mìíràn tí Èkó kò kọ́ mi ni pé owó ní ọjọ́ tó ń wọ ìlú. Òṣogbo ti jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti 1991, àwọn tó sì ń rán aṣọ lọ́dọ̀ mi, òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú wọn: àwọn tó ń lọ Abéré láràárọ̀, tíṣà, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín kí ẹ tó mọ̀. Ẹran á tètè tán lọ́jà, àwọn tí aṣọ wọn ti ń kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì á yọjú pa pọ̀. Tí kò bá wọlé, àti alápatà àti télọ̀ àti ẹni tó ń ta káàdì, gbogbo wa la jọ ń wojú ara wa. L'Ékòó, bí òṣìṣẹ́ ìjọba ò bá ní, oníṣòwò á ní. Bí oníṣòwò ò bá ní, awakọ̀ á ní. Níbí, odò kan náà ni gbogbo wa ń pọn. Ó tó ọdún kan kí n tó kọ́ ara mi pé èèyàn kì í kó owó lé láínìn àti òwú ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù.

Ti ilé ẹbí wá ńkọ́? Mo ti ń fà á sẹ́yìn, nítorí àwọn kan nínú wọn á kà á.

Kọ́bọ̀ kan a ò san lórí yàrá tí wọ́n fún wa. Ìgbà kan tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, n kò mọ ẹni tó fọ aṣọ àwọn ọmọ mi, mo kàn rí i lórí okùn ni. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ l'Ékòó láìní ìyá nítòsí mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n ilé tí wọn ò gbowó rẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà gbowó. Ọjọ́ kejì tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ni Ìbàdí-Àrán, bí mo ṣe ń pe àbúrò ọkọ mi obìnrin, gbé ànkárá wá. Nígbà tí mo rán an tán, ó ní, "Ìyàwó wa, àbí wàá gbowó lọ́wọ́ mi ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tirẹ̀ ló kan ìyàwó ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn náà ló kan ọmọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ ọmọ náà sì tẹ̀lé e. Nígbà tí mo ṣí ìwé mi wò ní oṣù Agẹmọ, aṣọ 23 ni mo ti rán fún agboolé láìgba nǹkan kan, tèmi sì ni òwú, tèmi ni síìpù, tèmi ni epo jẹnẹrétọ̀. Mo pe ọkọ mi, mo ní mo fẹ́ bá wọn sọ ọ́. Ó ní, "Má dán an wò."

Ìyá ọkọ mi ló yọ mí. A jọ ń ja ẹ̀fọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ ọ́ láìwo ojú mi: "Má sọ pé o ò rán. Sọ pé òwú tán, síìpù tán, kí wọ́n bá ẹ rà á bọ̀." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ràn mi ń rà á wá, wọ́n tilẹ̀ ń fi owó díẹ̀ lé e. Àwọn yòókù ń gbàgbé aṣọ sílé. Láàárín oṣù méjì, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ti dín sí ìdajì, ẹnikẹ́ni ò sì bá mi jà. Mi ò mọ̀ bóyá ìyá mọ iye tí mo ń pàdánù tàbí ariwo ẹ̀rọ lóru ló sú wọn.

Nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ni ẹgbẹ́ télọ̀ dé: ọkùnrin méjì, obìnrin kan. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n béèrè ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, wọ́n béèrè ìwé fíríìdọ̀mù mi, wọ́n ní ta ni mo rí kí n tó kan pátákó. Mo dá wọn lóhùn bí ará Èkó, mo ní owó mi ni mo fi gba ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò bá mi fa ọ̀rọ̀. Wọ́n tú orí ẹ̀rọ kan, wọ́n fi ìrépé aṣọ wé e bí ẹní wé ọmọ jòjòló, wọ́n gbé e lọ. Ọjọ́ márùn-ún ló gbà mí, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ bàbá kan ní agboolé wa, kí n tó rí i gbà. Mo bínú, mo pè wọ́n ní orúkọ tí n kò lè kọ síbí. Ẹ wọ ilé alága ẹgbẹ́ iṣẹ́ yín kí ẹ tó wá ẹni tó máa kọ pátákó fún yín. Owó ìwọlé náà kò tó owó tí mo pàdánù ní ọjọ́ márùn-ún yẹn.

Ọdún 2019 wá bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Aṣọ mi ti wà lọ́rùn èèyàn. Ní oṣù Ògún, Iléyá àti ọdún Ọ̀ṣun kó sínú oṣù kan ṣoṣo. Àwọn tó fẹ́ lọ yídì ń gbé léèsì wá, àwọn tó fẹ́ tẹ̀lé Arugbá ń gbé aṣọ funfun wá, n kò dá ẹnikẹ́ni padà. Mo ti fi ọdún kan wá iṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa lé iṣẹ́?

Ọ̀kan nínú wọn ni ìyàwó Aláájì kan ní Alékúwodò. Alájà làwa ń pè wọ́n. Wọ́n gbé léèsì aláwọ̀ ìyeyè wá, yáàdì márùn-ún, tí wọ́n fẹ́ wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ wọn lọ́jọ́ kejì Iléyá. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fà á yọ. Iná ti lọ. (Ìlú wa yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, kò sì torí ẹ̀ ní kí iná má lọ.) Jẹnẹrétọ̀ ń kọ́, gílóòbù ń ṣẹ́jú, ọmọṣẹ́ mi kan ti sùn sórí ìrépé aṣọ. Mo ká léèsì náà, mo fi bébà apá lé e, mo fi àlùmọ́gàjí là á. Mo ká èkejì, mo là á. Nígbà tí mo gbé wọn sí ara bùbá ni mo rí i pé méjèèjì kọjú sí ibì kan náà. Apá méjì, ọwọ́ òsì ni méjèèjì. Léèsì náà sì ní ojú àti ẹ̀yìn, kò ṣeé yí padà. Mo wo ìrépé tó kù, kò tó ìkúùkù.

Ara mi tutù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bó bá jẹ́ Èkó ni, mo ti wà ní Balógun kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti rí irú rẹ̀. Mo yí gbogbo ẹni tó ń ta léèsì ní Òṣogbo ká láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ìyeyè yẹn. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó, ó rí ohun tó jọ ọ́, ó fi fún awakọ̀, ó dé ọwọ́ mi ní Fraidé. Nígbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Alájà, ọ̀kan jẹ́ ìyeyè, èkejì jẹ́ ọsàn tó ti ń pọ́n.

Gbogbo ìyẹn kọ́ ló bà mí jẹ́. Ohun tó bà mí jẹ́ ni pé ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn, tí Alájà ń pè, irọ́ ni mò ń pa. Mo ní iná ni. Mo ní ó kù bọ́tìnnì. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni wọ́n wá fúnra wọn, nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Mo kúnlẹ̀, mo sì gbé e jáde. Wọ́n na apá méjèèjì sí ara wọn, wọ́n wò ó. Mo ń retí ìbínú, mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kó o sínú ọ̀rá padà, wọ́n ká ẹnu ọ̀rá náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Kò burú. O kú iṣẹ́." Wọ́n lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, oníbàárà mẹ́rin wá gba aṣọ tí n kò tíì gé. Ọ̀kan ní òun fẹ́ kó o pa mọ́. Ọ̀kan ní ọkọ òun ní kí àwọn má rán aṣọ mọ́ lọ́dún yìí. Kò sẹ́ni tó bú mi, kò sẹ́ni tó dárúkọ léèsì. Nígbà tó di Jimọ́, Ìyá ẹlẹ́kọ na ẹ̀kọ sí mi, wọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Wọn kì í kí mi báyẹn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìlú ti gbọ́.

Mo ti ba aṣọ jẹ́ rí l'Ékòó. Ta ni télọ̀ tí kò ba aṣọ jẹ́ rí? Oníbàárà á pariwo, á gba owó, á lọ, ẹlòmíràn á wọlé lẹ́yìn rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan. Àwọn ará Mushin ò ní gbọ́ ohun tí mo ṣe fún ará Ìdí-Àràbà, bẹ́ẹ̀ ibùsọ̀ kan ló wà láàárín wọn. Ní Òṣogbo, kò sí ẹlòmíràn. Ẹni tó ń wọlé, àbúrò ẹni tó ń jáde ni. Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́ ní ìlú tó mọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ jẹ́wọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n lè forí ji aṣọ tó bàjẹ́. Bọ́tìnnì tí mo ní ó kù yẹn ni wọn ò forí jì mí.

Ìyá ọkọ mi mú mi lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. A kúnlẹ̀. Mo san 45,000 náírà owó léèsì ní ìgbà mẹ́ta. Alájà gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n fún mi lómi mu. Léèsì tó bàjẹ́ náà wà lọ́dọ̀ wọn. Ìyá ní kí n má béèrè rẹ̀. Wọn ò gbé aṣọ mìíràn wá.

Títí di oṣù Èrèlé 2020, mò ń wá bí mo ṣe máa padà sí Èkó. Mo ti béèrè owó yàrá. Ọ̀sán ọjọ́ kan, tíṣà pè mí pé ọmọ mi kejì, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sí ní kíláàsì. Ó tẹ̀lé àwọn onílù kan tó ń kọjá lọ. N kò mọ bí mo ṣe jáde, sálúbàtà kan wà lẹ́sẹ̀ mi, èkejì kò sí. Mo ti ń sáré lọ ń bọ̀ bí ìṣẹ́jú ogójì nígbà tí ọlọ́kadà kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọmọ mi síwájú, gúgúrú wà lọ́wọ́ ọmọ. Mi ò rí ọkùnrin náà rí. Ó ní òun rí i nítòsí Ọjà Ọba, ẹnìkan ní, "Ṣé ọmọ Ìyàwó Èkó kọ́ nìyí?", ẹlòmíràn ní Ògo-Olúwa ni ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ fún un lówó, kò gbà á. Ó ní, "Ẹ kàn máa mójú tó ọmọ, mà."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn mọ́kànlá ti wá bá mi wí. Mo kà wọ́n. Ẹnìkan wá láti Òkè-Báálẹ̀ nítorí rẹ̀ nìkan. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, mo ń sọ pé ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun sà, mo ń sunkún, wọ́n rò pé ìbáwí wọn ló ń pa mí lẹ́kún.

Mi ò béèrè owó yàrá l'Ékòó mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Owó ṣọ́ọ̀bù Ògo-Olúwa parí ní oṣù Ẹrẹ̀nà, mo gba kékeré kan ní Alékúwodò, nínú àdúgbò, níbi tí èèyàn ti ń fẹsẹ̀ rìn. Oṣù kan náà ni Kòró dé. Ìbòmú ló bọ́ wa nígbà yẹn, ẹgbẹ́ télọ̀ tó gbé orí ẹ̀rọ mi lọ náà ló sì pín iṣẹ́ ìbòmú kàn mí.

Àwọn oníbàárà mi àtijọ́ l'Ékòó ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè, tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ara wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀kan ní àdìrẹ ni òun fẹ́. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé mo fẹ́ ránṣẹ́ sí Èkó kí wọ́n bá mi ra àdìrẹ. Ìyá gbé orí sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Òṣogbo lo wà tí o fẹ́ ra aró l'Ékòó? Kí ni Ọ̀ṣun pariwo nígbà tí igi Laróòyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ ìlú yìí dó, wó lu odò? Kì í ṣe ìkòkò aró rẹ̀ ni wọ́n fọ́ ni?" Ọdún méjì ni mo ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláró tí mi ò yà, nítorí ojú mi wà l'Ékòó. Iye tí mo ń rà á lọ́wọ́ wọn kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta iye tí ọ̀rẹ́ mi pè fún mi. Mo rán an, mo fi fún awakọ̀ ní gáréèjì, ó dé Ọ̀jọ́ta lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ Èkó ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ di òní, láìjẹ́ pé mo ń gbé Èkó. Owó awakọ̀ ló fẹ́ ba ti èyí náà jẹ́ lẹ́yìn oṣù Èbìbí 2023, tí epo tí kò tó 200 náírà fò dé nǹkan bíi 500. Ní báyìí mo ń dúró kí aṣọ pé mẹ́fà kí n tó dì í.

Àwọn nǹkan kan ò tíì dáa, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Nígbà tí inú ń run Ìyá tí kò lọ, àyẹ̀wò kan wà tó jẹ́ pé UCH Ìbàdàn ni wọ́n ní ká gbé wọn lọ fún un, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ti ṣọ́ọ̀bù. Ọmọṣẹ́ tó bá ti mọ̀ ọ́n rán, Èkó ni ojú rẹ̀ ń wò, kò ní dúró ṣe fíríìdọ̀mù. Mo ra fíríìjì, kí n tó so ó mọ́ iná, ẹnìkan ti wá yá owó. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń dé ilé ìwé àwọn ọmọ, mo sì ń jẹun ọ̀sán nílé. Wákàtí mẹ́ta tí mo ń lò nínú gosílóò lójoojúmọ́ rí, mi ò mọ ibi tí mo ti rí agbára rẹ̀ nígbà yẹn.

Oṣù Ọ̀pẹ 2020 ni Alájà tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Alékúwodò. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Wọ́n fa ọmọ-ọmọ wọn obìnrin lọ́wọ́, ó tó ọmọ ọdún márùn-ún. A kí ara wa. Mo kí wọn tẹ́rùn lọ́tẹ̀ yìí, títí dé orí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n tú ẹnu ọ̀rá kan tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fa léèsì ìyeyè yọ, àti apá òsì méjèèjì.

"Fi rán gáùn fún ọmọ yìí," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n níṣojú mi ni wàá ti gé e."

Obìnrin méjì tó ń kọjá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kan láti ojúlé kejì náà yọjú. Mo wọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tẹ́ léèsì sórí tábìlì, mo fi ṣọ́ọ̀kì fàlà apá kan, mo fàlà èkejì, mo yí wọn kọjú síra wọn. Mo fi ìka tọ́ka sí wọn fún Alájà: ọ̀tún nìyí mà, òsì nìyí. Alájà dìde, wọ́n wá wò ó dáadáa, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é wò lókè tábìlì.

"Gé e."